Epo ilé epo nínú Cessna 150 àtijọ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè Ọya, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÀgbàKubwa:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ara mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ wà níbí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ ni Cessna 150 kan, ọdún 1966 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnnì Continental O-200 ló wà nínú ẹ̀, họ́ọ̀sìpáwà 100. À ń tọ́jú ẹ̀ bí ọmọ. Wàhálà wa ni avgas, epo bàálù gan-an. Tá a bá rí i, dúrọ́ọ̀mù kan tàbí méjì ni, ọ̀nà jíjìn la ti ń gbé e wá sí Àbújá, owó mọ́tò tó gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó epo fúnra ẹ̀, ìgbà míì bàálù á wà nínú hángà fún oṣù méjì torí pé kò sí nǹkan tá a máa rọ sí i. Bẹ́ẹ̀ ilé epo mẹ́rin ló wà láàárín ilé mi àti pápá. Lóòótọ́ epo mọ́tò náà ti gbówó lórí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lóṣù karùn-ún 2023, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nítòsí, ó ṣì dínwó ju avgas lọ dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n ti ń da pẹtirólù mọ́tò sínú irú bàálù yìí ní Amẹ́ríkà tipẹ́, ó ní ká lọ ra kẹ́ẹ̀gì méjì ká dán an wò lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ò gbà. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, ṣé ó ṣeé ṣe níbí, pẹ̀lú ooru wa yìí àti epo wa yìí?

BàbáẸ́ńjìnnì_Zaria:
Àbúrò, o káre tó o kọ́kọ́ béèrè. Òótọ́ lọ̀rẹ́ ẹ sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ọdún 1982 ni EAA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàálù ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ FAA, àjọ tó ń bójú tó bàálù níbẹ̀, pé kí Cessna 150 máa lo pẹtirólù mọ́tò. Irú bàálù tiyín yìí gan-an ni wọ́n fi dán an wò. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ Petersen gba tiẹ̀ fún oríṣiríṣi bàálù míì. STC ni wọ́n ń pe ìwé yẹn.

Ìdí tó fi ṣeé ṣe ni pé wọn ò ṣe O-200 fún 100LL, avgas tá à ń wá kiri yìí, rárá. Epo 80/87 ni wọ́n ṣe é fún, epo pupa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò bá a. Compression ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ tó nínú sílíńdà, ò ju 7 sí 1 lọ. A-65 tó wà nínú Piper Cub, C-85, O-300 tó wà nínú Cessna 172 àkọ́kọ́, Lycoming O-320 oníhọ́ọ̀sìpáwà 150, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, compression wọn kéré, epo tí ò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Epo pupa yẹn, òjé inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 0.14 lọ nínú lítà kan. 100LL aláwọ̀ búlúù lè gbé tó 0.56, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Wọ́n kọ "low lead" sí i torí pé epo 100/130 aláwọ̀ ewé tó wà ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n fi ń wé, àmọ́ fún O-200, òjé yẹn pọ̀ jù. Òun ló ń ṣù bí hóró ìyẹ̀pẹ̀ sẹ́nu pulọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá ń dán mágínẹ́ẹ̀tò tó ń fún pulọ́ọ̀gì níná wò, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọwọ́ mi yìí ti fi abẹ́rẹ́ yọ òjé nínú pulọ́ọ̀gì O-200 àìmọye ìgbà. Tó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì nìkan ni, pẹtirólù tó mọ́ tí kò ní òjé máa tù ú lára.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí o. Orúkọ bàálù yín àti nọ́ńbà ẹ̀ ló máa wà lórí ìwé STC yẹn, ti ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, ti ara bàálù lọ́tọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní méjèèjì. Ìwé FAA sì nìyẹn, bàálù yín 5N ni, àmì bàálù Nàìjíríà, NCAA, àjọ tó ń bójú tó bàálù nílẹ̀ wa, ló ni yín. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kẹ́ ẹ gba ìdáhùn lórí bébà, kì í ṣe ẹnu lásán, kí ẹnjiníà tó ní láísẹ́ńsì kọ ọ́ sínú lọ́gíbúùkù, kẹ́ ẹ lẹ sítíkà tuntun sẹ́bàá ìdérí táńkì, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn insúránsì. Bẹ́ ẹ bá da kẹ́ẹ̀gì méjì sí i ní Sátidé láìní ìwé, bàálù yẹn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbéra, tí nǹkan bá sì ṣe é, kò sẹ́ni tó máa san kọ́bọ̀ fún yín.

ÌyáLáàbù_Kaduna:
Ẹ kú iṣẹ́ o bàbá. Èmi kì í wa bàálù, láàbù epo ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ọkọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí lórí fóònù, mi ò sì lè dákẹ́. Nǹkan tí gbogbo èèyàn máa ń bi mí ni octane, nọ́ńbà tó ń sọ bí epo ṣe lè gba fífún pọ̀ tó láìbú gbàù. Èmi á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù ọtí. Ọtí inú epo, ethanol tàbí methanol. STC tí bàbá ń sọ ò gba ọtí kankan, bó ti wù kó kéré mọ.

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022. NMDPRA, àjọ tó ń bójú tó epo ní Nàìjíríà, fúnra wọn ló jáde sọ pé epo tí methanol inú ẹ̀ ju ìwọ̀n Nàìjíríà lọ ti wọ ọjà, tí gbogbo wa wá ń tò sórí ìlà ní ilé epo. Kí wọ́n tó kéde ẹ̀, àwọn èèyàn ti ń rà á, wọ́n ń rọ ọ́ sí mọ́tò, àwọ̀ ẹ̀ ò yàtọ̀, òórùn ẹ̀ ò yàtọ̀ létí imú ẹni tí ò mọ̀. Mọ́tò tó bá kú, ẹ lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ohun tí ọtí ń ṣe nìyí. Ó máa ń jẹ rọ́bà, rọ́bà á wú tàbí kó gbẹ kó sán. Ó máa ń tú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ojú táńkì àtijọ́, gọ́ọ̀mù yẹn á wá máa ṣí ní ẹ̀wẹ̀ẹ̀wẹ̀, á lọ dí fílítà. Methanol tún máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Èyí tó burú jù ni ti omi. Omi tó bá wọ inú avgas á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí táńkì, ẹ á rí i nínú ife tẹ́ ẹ fi ń gbọn epo láàárọ̀, ẹ á dà á nù. Tí ọtí bá wà níbẹ̀, ó máa fa omi yẹn mọ́ra, epo á mọ́ rederede lójú yín, tẹ́ ẹ bá wá gòkè tí òtútù mú táńkì, omi àti ọtí á jọ já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí táńkì níbi tí páìpù ti ń fà ni wọ́n máa lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò ò le, kò sì ná yín lówó. Ẹ wá ìgò onígíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn. Ẹ bu omi sí i dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ fi máákà fa ìlà sí ojú omi gẹ́lẹ́. Ẹ wá fi epo kún un. Ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí omi bá padà sójú ìlà yẹn gẹ́lẹ́, kò sí ọtí. Tí omi bá ti ga ju ìlà lọ, ọtí ló kúrò nínú epo tó wọ inú omi, ẹ má jẹ́ kí epo yẹn sún mọ́ bàálù. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo dúrọ́ọ̀mù, gbogbo kẹ́ẹ̀gì, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá rà. Epo ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe epo ọ̀sẹ̀ yìí, kódà kó jẹ́ ẹnu páńpù kan náà, torí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé lè yàtọ̀, tánkà tó gbé e wá sókè lè yàtọ̀, ohun tí tánkà yẹn gbé ṣáájú gan-an lè yàtọ̀.

Èkejì, ẹ kán epo sórí bébà funfun, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Pẹtirólù tó mọ́ á lọ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àbàwọ́n tó ń dán bí ọ̀rá àkàrà, kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì ti wọ inú ẹ̀. Àwọn tó ń ju ọwọ́ jẹ́ríkéènì sí yín lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ má bá wọn ra epo bàálù láéláé, ebi ló gbé wọn síbẹ̀, mi ò bú wọn, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ibi tí jẹ́ríkéènì yẹn ti wá.

ÀgbàKubwa:
Ẹ ṣé gan-an mà. Ìgò ni màá kọ́kọ́ wá lónìí.

Ọ̀dọ́_Gwagwalada:
Ẹ kú àlàyé ẹ̀yin àgbà. Mo ń kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé STC kan ń béèrè 87, òmíì ń béèrè 91. Ṣé kì í ṣe 91 náà ni wọ́n máa ń pe epo wa ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tá ò lè da á sínú ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù O-200 lọ, bíi ti Air Beetle tí wọ́n kàn ní Kaduna?

BàbáẸ́ńjìnnì_Zaria:
Ọmọ mi, ibi tó o fọwọ́ bà yìí ti kó àwọn èèyàn sí wàhálà. 91 tiwọn kì í ṣe 91 tiwa. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn octane, èyí tí wọ́n ń pè ní RON àti èyí tí wọ́n ń pè ní MON, MON ló máa ń kéré jù torí pé ìdánwò ẹ̀ le jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, òun ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára páńpù. Níbí àti ní Yúróòpù, RON nìkan la máa ń pè. 87 ti Amẹ́ríkà tó bíi RON 91. 91 ti Amẹ́ríkà sún mọ́ RON 95 tàbí 96. Ẹni tó bá rí STC tó ń béèrè 91 tó wá lọ ra RON 91, ó ti fi epo kékeré sínú ẹ́ńjìnnì ńlá.

Air Beetle tó o dárúkọ, àwòrán RV-6A ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kàn án, Lycoming O-360 oníhọ́ọ̀sìpáwà 180 ló wà nínú ẹ̀, compression 8.5. Bàálù TB-9 tí àwọn ọmọ wa fi kọ́ṣẹ́ ní NCAT, ilé ẹ̀kọ́ bàálù ní Zaria, O-320 oníhọ́ọ̀sìpáwà 160, 8.5 lòun náà. Má fi epo ilé epo lásán sún mọ́ wọn. Tí epo bá kéré sí compression, kò ní jó díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ, á máa bú gbàù nínú sílíńdà. Nínú mọ́tò ẹ máa gbọ́ ọ, á máa dún kiṣikiṣi bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ á sọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Nínú bàálù, ariwo pùròpẹ́là ti bò ó mọ́lẹ̀, ìgbà tí ihò bá dá sí písítìn lẹ máa tó mọ̀. Octane booster tí wọ́n ń tà ní mechanic village náà, kò sí nínú STC kankan tí mo rí rí, ẹ fi sílẹ̀ fún mọ́tò.

Tó bá jẹ́ àwọn bàálù kéékèèké tuntun tó ń lo ẹ́ńjìnnì Rotax lo ń wò, ìyẹn yàtọ̀, wọ́n ti ṣe é fún pẹtirólù mọ́tò látilẹ̀. 912 UL oníhọ́ọ̀sìpáwà 80 ń béèrè RON 90 ó kéré tán, ṣùgbọ́n 912 ULS oníhọ́ọ̀sìpáwà 100 ń béèrè 95. Ka nọ́ńbà yẹn dáadáa kó o tó rà.

ỌmọJos_Afòlókè:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa ṣùgbọ́n ẹ ò tíì kan ooru, ooru sì ló fẹ́ pa mí.

England ni mo ti kọ́ fífò, Auster àtijọ́ ni mo sì fi ń ṣeré níbẹ̀. CAA, àjọ bàálù wọn, gbà kí irú bàálù bẹ́ẹ̀ lo pẹtirólù mọ́tò, àmọ́ ẹ gbọ́ òfin tí wọ́n so mọ́ ọn, ó wà lára sítíkà níwájú awakọ̀: epo inú táńkì gbọ́dọ̀ dín ní 20°C, bàálù ò sì gbọ́dọ̀ ga ju 6,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. England tí òjò àti òtútù ti ń pa èèyàn nìyẹn o. Kẹ́ ẹ wá wo ibi tá a wà. Ìgbà wo ni epo inú táńkì ń dín ní 20 ní Àbújá? Bóyá ní ìdájí ọjọ́ ọyẹ́, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, kí oòrùn tó là. Pápákọ̀ Jos fúnra ẹ̀ ti ga tó 4,232 ẹsẹ̀ bàtà, tẹ́ ẹ bá gbéra níbẹ̀ tẹ́ ẹ kàn yí pápá po lásán ẹ ti lé ní 5,000. Òfin tiwọn ni, kò de 5N, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ṣe é dé ọ̀dọ̀ wa ju tiwọn lọ.

Ohun tó ṣe mí nìyí. Mo padà dé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ń fi Cessna 172 àtijọ́ kan fò, ó ní STC ẹ̀, ìwé pé, a ti yẹ epo wò, kò sí ọtí, kò sí kẹrosíìnì. Oṣù kẹrin, bí agogo méjì ọ̀sán, ní pápá kan lápá Kaduna. A balẹ̀, a pa ẹ́ńjìnnì, a mu omi, a bá ẹnì kan tó wá kí wa sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, a tún padà wọlé. Ó tan lẹ́ẹ̀kan. Ó dún dáadáa nígbà tá à ń rọra yí lọ sórí rọ́nwéè. A tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, a gbéra, a ò tíì ga ju igi mángòrò méjì tó dúró léra lọ tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tó ń jí, tó tún ń kú. Ọlọ́run ló yọ wá, rọ́nwéè ṣì gùn níwájú wa, mo tẹ imú ẹ̀ sílẹ̀ mo sì gbé e balẹ̀ síbẹ̀, búrékì ń rùn. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ò rí ohun tó bàjẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan ó tan, ó ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Vapour lock ni. Nígbà tá a pa ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ sí i mọ́, gbogbo ooru ara ẹ̀ wá rọ́ lọ sínú páìpù àti kábúrétọ̀, epo hó níbẹ̀ ó di afẹ́fẹ́. Epo díẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú kábúrétọ̀ ló gbé wa dé orí rọ́nwéè, nígbà tá a wá nílò epo púpọ̀ láti gòkè, afẹ́fẹ́ ló ń bọ̀ dípò epo.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi pẹtirólù gbéra lẹ́yìn agogo mẹ́wàá àárọ̀ láti oṣù kejì títí òjò á fi dúró dáadáa. Tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì nínú ooru, bọ́nẹ́ẹ̀tì á wà ní ṣíṣí, bàálù á kọjú sí atẹ́gùn, tí ibòji bá wà abẹ́ ibòji ni. Kí n tó gbéra, màá di búrékì mú, màá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan, ojú mi ò ní kúrò lára RPM, aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó. Tó bá wálẹ̀ díẹ̀ báyìí, mi ò lọ síbì kankan lọ́jọ́ yẹn.

ÌyáLáàbù_Kaduna:
Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí ohun tó sọ yẹn. Láàbù máa ń wọn bí epo ṣe ń tiraka tó láti di afẹ́fẹ́, vapour pressure là ń pè é, kPa ni òṣùwọ̀n ẹ̀, ní 37.8°C la sì ti ń wọ̀n ọ́n. Avgas gbọ́dọ̀ wà láàárín 38 sí 49 kPa, wọn kì í jẹ́ kó kọjá ibẹ̀, ìdí tí avgas fi ṣeé gbọ́kàn lé nìyẹn níbikíbi láyé. Pẹtirólù mọ́tò lè kọjá 60, torí mọ́tò ní páńpù nínú táńkì tó ń tì í, kò sì ń gòkè lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. 37.8 tí wọ́n ń lò ní láàbù yẹn, ọ̀sán oṣù kẹta wa lásán ni. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó lè bá yín gba ìwé ìdánwò epo láti dẹ́pò, ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí, ẹ wo ìlà RON, ẹ wo ìlà vapour pressure, ẹ wo bóyá wọ́n kọ oxygenate, ìyẹn irú nǹkan bí ọtí, síbẹ̀. Nọ́ńbà vapour pressure tó bá kéré jù ni kẹ́ ẹ mú.

Cherokee_Kaduna:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé èmi náà. Piper Cherokee 140 ni tèmi, O-320 oníhọ́ọ̀sìpáwà 150, compression 7. Ẹ́ńjìnnì mi wà lára àwọn tí bàbá dárúkọ, àbí?

BàbáẸ́ńjìnnì_Zaria:
Ó wà níbẹ̀, àmọ́ ara bàálù ẹ ò sí níbẹ̀. Cessna, apá ẹ̀ wà lókè, epo ń ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀ bí omi inú táńkì orí ilé, ìwúwo epo ló ń tì í dé kábúrétọ̀. Cherokee, apá ẹ̀ wà nísàlẹ̀, páńpù ló ń fa epo gòkè, fífà yẹn gan-an máa ń jẹ́ kí epo tó gbóná tètè hó nínú páìpù. Ìdí nìyẹn tí STC ti Cherokee fi máa ń bá ìyípadà páńpù wá, iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe bébà àti sítíkà nìkan. Má tẹ̀lé àwọn oní-Cessna lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Cherokee_Kaduna:
Mo gbọ́ bàbá. Màá dúró lórí avgas.

Ọ̀dọ́_Gwagwalada:
Ẹ̀gbọ́n Kubwa, ṣé ẹ ò lè da avgas sí táńkì apá ọ̀tún, pẹtirólù sí ti òsì, kẹ́ ẹ fi avgas gbéra, kẹ́ ẹ yí i sí pẹtirólù tẹ́ ẹ bá ti gòkè tán, kẹ́ ẹ tún yí i padà tẹ́ ẹ bá fẹ́ balẹ̀?

ỌmọJos_Afòlókè:
Ìmọ̀ràn tó dáa ni fún 172, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí, ó ní òsì, ọ̀tún àti méjèèjì lórí selector ẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi ń yan táńkì. 150 kò ní in. Ṣíṣí àti pípa nìkan ló ní, táńkì méjèèjì jọ ń ṣàn pọ̀ ni. Ohun tí ẹ̀gbọ́n lè ṣe ni kí wọ́n pò ó pọ̀, avgas àti pẹtirólù ṣeé pò pọ̀ ní ìwọ̀nkíwọ̀n lábẹ́ STC. Àwọn kan máa ń fi ìdá kan avgas sí ìdá mẹ́ta pẹtirólù kí òjé díẹ̀ lè máa wà fún fáàfù. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì kàn, avgas nìkan ni kẹ́ ẹ fi mú un dàgbà ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ sì mọ̀ pé àwọ̀ búlúù á ṣá tẹ́ ẹ bá ti pò ó, ẹ ò ní lè fi àwọ̀ mọ epo mọ́.

Nǹkan míì: nígbà òjò, kábúrétọ̀ máa ń dì sí yìnyín, kódà lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ móoru, Continental sì máa ń ṣe é gan-an. Pẹtirólù tún máa ń tètè fa òtútù yẹn ju avgas lọ torí bó ṣe ń yára di afẹ́fẹ́. Ẹ fa carb heat, ọwọ́ tó ń mú afẹ́fẹ́ gbígbóná wọ kábúrétọ̀, ṣáájú kẹ́ ẹ tó dín tọ́tù kù, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń gbọ̀n.

BàbáẸ́ńjìnnì_Zaria:
Mo tún fẹ́ sọ ti ọyẹ́, torí mo ti rí iná. Nígbà ọyẹ́, tẹ́ ẹ bá ń bọ́ súwẹ́tà lálẹ́, ẹ máa ń rí i tó ń ta paapaa, iná kéékèèké á máa tàn nínú òkùnkùn. Iná yẹn náà ló wà lára kẹ́ẹ̀gì oníróbà tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn pick-up láti ilé epo dé pápá. Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì oníróbà sílẹ̀ pátápátá. Páànù onírin ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó rọ epo sí i, kì í ṣe nínú mọ́tò. Ní hángà, ẹ fi wáyà so páànù mọ́ ara bàálù, kẹ́ ẹ so bàálù mọ́ irin tó wọ ilẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí. Fọ́nẹ́ẹ̀lì onírin, ẹnu ẹ̀ kó kan etí táńkì. Ẹni tó ń ṣe é ò gbọ́dọ̀ wọ súwẹ́tà náílọ̀n. Ọmọṣẹ́ mi kan ni iná jó lọ́wọ́ méjèèjì níbi tó ti ń da epo gba inú fọ́nẹ́ẹ̀lì oníróbà lóṣù kìíní, ó yè, ṣùgbọ́n ìka ẹ̀ ò ká dáadáa títí dòní.

ÌyáLáàbù_Kaduna:
Ẹ ò ní mọ iye ìgbà tí mo pariwo nǹkan yẹn ní láàbù. Ẹ ṣé bàbá.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù fún mi. Pẹtirólù kì í pẹ́ bí avgas, tó bá pẹ́ nínú táńkì á di gọ́ọ̀mù, á lẹ̀ mọ́ inú kábúrétọ̀. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé bàálù máa dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fà á jáde, ẹ fi avgas kún táńkì dípò kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, torí táńkì tó ṣófo á máa gba ìrì lóru nígbà òjò. Èkejì ni òjé tí bàbá ní ó wà nínú 100LL. Mo rí àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń fi avgas fọ ọwọ́ tó ní gíríìsì, tí wọ́n ń fi nu ẹsẹ̀ bàálù, tí ọmọ wọn ń ṣeré nídìí dúrọ́ọ̀mù. Gbogbo wa lókè Ọya níbí la gbọ́ ohun tí òjé ṣe ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú, ìyẹ̀pẹ̀ wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé ló fà á. Òjé avgas ò pọ̀ tó ti ibẹ̀, mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, ọpọlọ ọmọ kékeré ló ń bá jà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má gbé aṣọ tó ní avgas wọ yàrá ọmọ.

ÀgbàKubwa:
Ẹ̀yin ara mi, mo ní kí n padà wá jíṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. A ra ìgò gígùn méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ohun èlò láàbù, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi sì lọ sí ilé epo mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lítà kan kan la rà nínú páànù onírin. Méjì nínú ẹ̀, omi padà sójú ìlà. Ẹ̀kẹta, omi ga ju ìlà lọ tó bí ìbú ìka kan, a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó dá wa lójú, bákan náà ni. Ilé epo tó mọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ibẹ̀ ni mo ti ń rọ epo mọ́tò mi láti ọdún tó kọjá. Ọ̀rẹ́ mi tó ní ká dán an wò ní Sátidé wo ìgò yẹn títí, kò sọ nǹkan kan, ó wá ní òun ló máa san owó STC.

A ti kọ lẹ́tà sí NCAA, ẹnjiníà wa ti bá wa fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti bàálù sí i. Títí ìdáhùn á fi dé, avgas tó kù sílẹ̀, bíi 60 lítà, la máa fi tan ẹ́ńjìnnì kó má bàa dì, a ò ní fò jìnnà. ÌyáLáàbù mà, ẹ bá mi bi ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ní dẹ́pò nípa ìwé ìdánwò tó ní vapour pressure yẹn, màá wá sí Kaduna fúnra mi tó bá gba bẹ́ẹ̀. Bàbá, wáyà tẹ́ ẹ ní ká fi so páànù mọ́ bàálù, ṣé ti bàbà ni tàbí irin lásán náà á ṣe é?

BàbáẸ́ńjìnnì_Zaria:
Ti bàbà, tó rọ̀, tó ní kílíìpù ní ẹnu méjèèjì. Ẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tẹ́ ẹ máa fi há, irin gbọ́dọ̀ kan irin.